Ẹ Bá Mi Ki Ákítọ̀ Tí Kì Í Kú

Ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ bá mi gbé gbẹ̀du síta.
Ọba ni wọ́n ń lu gbẹ̀du fún,
Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kì lónìí ju ọba lọ.
Ó dé ilẹ̀ ọlọ́ba, ó jókòó sórí àga ọlọ́ba,
Ó wá yíjú sọ́ba, ó ní: "Ìwọ ta ni? Kí lo wá ṣe níbí?"
Ákítọ̀ fíìmù ogun àwọn amúnisìn, mo kí ọ.
Mo kí ọ kú ogun, mo kí ọ kú àjàṣẹ́,
Mo kí ọ kú akoto funfun tí oòrùn Áfíríkà ò rí gbé ṣe.
Wọ́n tafà títí, bọ́tìnnì kan ò já lára ẹ̀wù rẹ.
Wọ́n ju ọ̀kọ̀ títí, irun orí rẹ ò dàrú.
O jagun nínú eruku láti òwúrọ̀ di alẹ́,
Bàtà rẹ ṣì ń kọ mànà.

Àwa tí a dàgbà nídìí sinimá mọ òfin rẹ. Ákítọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì, ọ̀tá ákítọ̀, ló ń kú, nígbẹ̀yìn fíìmù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kọ́kọ́ kú, ogún lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kì í sì í bèèrè orúkọ ìyá wọn. Nínú fíìmù tìrẹ, ìran tèmi ni ọmọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bi ara wọn: ṣé àwọn fíìmù ogun àtijọ́ tí ń yin ìjọba amúnisìn jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà lójú àwa tòde òní? Onírárà kì í dájọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kì ọ́ kí orí rẹ wú. Bí orí rẹ bá wú jù tí akoto ò bá gbà á mọ́, ọwọ́ mi mọ́.

Orí àgbà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Sandi, Ajẹ́lẹ̀ etí odò, gbọ́ orúkọ rẹ.
Ọkùnrin kan ṣoṣo tí í jẹ́ ọlọ́pàá,
Òun náà ni í jẹ́ adájọ́,
Òun náà ni í jẹ́ bàbá fún ẹni tó tó bí bàbá rẹ̀.
Bí ó bá fi ìkòkò tábà sẹ́nu, ìlú á tòrò;
Bí ó bá yọ ọ́ lẹ́nu, ogun á bẹ́.
Arìnrìn-àjò tí ò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò,
Torí bó bá wọkọ̀ ojú omi lónìí,
A ó ti jẹ ara wa tán kó tó dọ̀la.

Ẹ dá ìlù dúró kí n pìtàn. Ọdún 1935 ni wọ́n gbé Sandi jáde nínú fíìmù Sanders of the River. Alexander Korda ló gbé e jáde, Zoltan àbúrò rẹ̀ ló darí rẹ̀, inú ìtàn Edgar Wallace ni wọ́n ti yọ ọ́. Leslie Banks ni Sandi. Nàìjíríà ni wọ́n pe ilẹ̀ tó ń ṣe àkóso. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má wá abúlé náà lọ sí etí Odò Ọya o. Shepperton ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́bàá odò Thames. Zoltan lọ ya ijó àti ìlù nílẹ̀ Áfíríkà, ó kó o bọ̀, wọ́n gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abúlé Shepperton, ó di Nàìjíríà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò tètè dá Nàìjíríà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ wá nìyí. Sandi fẹ́ lọ gbéyàwó, ó gba ìsinmi. Àwọn tó ń ta jíìnì àti ìbọn tan irọ́ kálẹ̀ pé Sandi ti kú, pé òfin ti bá a lọ. Ló bá parí! Ọba arúgbó Mofolaba dìde, ó pa ẹni tí Sandi fi dè é, ìlú gbiná. Sandi gbọ́, ó padà, ó fi ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn tún ayé ṣe.

Kí á tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859. Lọ́dún 1923, Herbert Macaulay àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, wọ́n sì ti dìbò ní Èkó. Ògbóni wà, Ọ̀yọ́ Mèsì wà, Ìwàrẹ̀fà wà, gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọba pé ó tó gẹ́ẹ́. A ò mọ̀ pé eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Àṣé ìsinmi ìgbéyàwó ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró láàárín àwa àti ìparun.

Sandi, ẹ̀yìn rẹ gan-an lèèyàn ńlá pọ̀ sí.
Wọ́n fi awọ ẹkùn dí Paul Robeson nídìí,
Wọ́n ní kó máa jẹ́ Bosambo, kó máa kọrin yìn ọ́.
Bàbá rẹ̀ jáde lóko ẹrú fúnra rẹ̀,
Ọmọ náà kàwé òfin yege ní Columbia,
Ohùn rẹ̀ mi ilé eré láti Amẹ́ríkà dé Lọ́ńdọ̀nù.
Amòfin tòótọ́ ń kúnlẹ̀ fún òfin Sandi:
Áà, Sandi, ìwọ mà tóbi o!

Orlando Martins náà wà níbẹ̀. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i lọ́dún 1899, ìran Àgùdà tó ti Brazil dé. Nínú gbogbo Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ sí Shepperton, òun ni ojúlówó Nàìjíríà tó rìn wọbẹ̀, ipa kékeré sì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ipa tó tóbi dé lẹ́yìn ogun, nínú Men of Two Worlds lọ́dún 1946, oníṣègùn burúkú tí ń fi èpè dẹ́rù ba ará abúlé ni wọ́n ní kó ṣe. Ó di ọdún 1970 kó tó wá bá wa ṣeré nílé, nínú fíìmù Kongi's Harvest, níbi tí ọba àti olóṣèlú ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ tó ní láárí.

Ẹ wo ọkùnrin kan láàárín àwọn èrò ẹ̀yìn. Wọ́n san owó díẹ̀ fún un kó wá dúró bí ìjòyè abúlé. Jomo Kenyatta lorúkọ rẹ̀. Sandi ò mọ̀ ọ́n, kámẹ́rà ò sì dúró lójú rẹ̀ pẹ́. Lọ́dún 1963 ó di olórí ìjọba Kenya, Kenya ò sì dúró kí Sandi ti ìgbéyàwó dé.

Ẹ lu ìlù ogun báyìí. A dé orí akíkanjú.

Akin tí í gbé ìbọn arọ̀jò-ọta,
Tí í bá oníidà figa gbága.
Akin tó dúró lókèèrè, tó ń fi ẹ̀rọ ka òkú.
Ìyẹ́ funfun mẹ́rin ni wọ́n fi bú ọ pé ojo ni ọ́,
O ré òkun kọjá kí o lè dá a padà.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Sudan ló dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà;
Ìyẹ́ rẹ dé ọwọ́ oníìyẹ́, ọlá rẹ padà bọ̀ sípò.
Ọlá wọ́n lọ́jà o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Fíìmù The Four Feathers ni mò ń kì, ti ọdún 1939, Zoltan Korda yìí kan náà ló darí rẹ̀. Ogun Omdurman wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n jà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1898 lẹ́bàá Khartoum. Nínú ogun yẹn gan-an, ó ju 10,000 ọmọ ogun Sudan lọ tó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn tó kú ní ọ̀dọ̀ Kitchener, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kò pé 50. Bí ẹnì kan bá sọ irú iye bẹ́ẹ̀ nípa ìjà abúlé méjì, ẹ ò ní pè é ní ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀dà aláràbarà sí i, ẹ fi fèrè ológun tì í lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ọmọge kan máa dúró de akọni nílé, ó ti di ìtàn ìgboyà.

Mo tún rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kan tó yẹ ká yìn. Ìwọ tí dúdú ń rí lára, ìwọ náà lo máa ń sáré kun ara rẹ ní dúdú. Akọni The Four Feathers pa àwọ̀ ara rẹ̀ dà, ó gba àmì síwájú orí, ó ṣe bí odi, kó lè rìn láàárín àwọn Lárúbáwá. John Laurie, ọmọ Scotland, ni Khalifa, olórí àwọn ọmọ ogun Sudan, nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Sam Jaffe, Júù ọmọ New York, ni wọ́n fi ṣe Gunga Din ará Íńdíà, Kalifóníà ni wọ́n sì ti rí òkè Íńdíà rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ayé yípadà tán lọ́dún 1966, Laurence Olivier tún kun ojú, ó di Mahdi, aṣáájú ọ̀tẹ̀ Sudan, nínú fíìmù Khartoum. Mahdi náà wá bá Gordon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú fíìmù náà, wọ́n fi ọ̀wọ̀ wọ ara wọn, ó dùn ún wò. Láyé wọn, wọn ò pàdé rí.

Kí n kí ọ kú aájò, ìwọ alátiké dúdú.
Ọmọ Sudan pọ̀ ní Sudan, o ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu.
O kú dípò wọn,
O sọ̀rọ̀ dípò wọn,
O ṣì padà lọ sílé lálẹ́, o wẹ̀ ẹ́ dànù.

Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ fohùn sílẹ̀ díẹ̀, torí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lẹ́wà nínú wọn. Fíìmù Zulu, ti ọdún 1964, kì í ṣe yẹpẹrẹ. Cy Endfield ló darí rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n lé kúrò nídìí iṣẹ́ ní Hollywood nítorí ìṣèlú. Stanley Baker kó ipa Chard, Michael Caine sì jẹ́ Bromhead, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì. Mangosuthu Buthelezi, tó padà di aṣáájú òṣèlú KwaZulu, ló ṣe Cetshwayo, ọba àwọn Zulu, ìran Cetshwayo sì ni lóòótọ́. Nínú fíìmù yìí, Zulu kì í ṣe ọ̀bọ. Wọ́n ń jagun pẹ̀lú ọgbọ́n, orin wọn ń mi òkè. Àwọn agbẹjọ́rò fíìmù àtijọ́ fẹ́ràn láti pe ẹjọ́ yìí síwájú: "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn."

Mo rí i. Mo kì í:

Ọlọ́wọ̀ tí í yin ẹni tó ń pa,
Kí òkú lè ga, kí apani lè ga jù ú lọ.
O fún wọn ní orin, o ò fún wọn ní ọ̀rọ̀.
O fún wọn ní asà, o ò fún wọn ní orúkọ.
O kọ́ wọn ní ìkíni ìgbẹ̀yìn, pé kí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ sókè,
Kí wọ́n kí ẹni tó yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n wọn, kí wọ́n máa lọ.

Ìkíni yẹn ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 1879, àwọn Zulu ṣẹ́gun ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana, ó ju 1,300 lọ tó kú ní apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọba Dabulamanzi, àbúrò Cetshwayo, wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ogun; ìjà òwúrọ̀ náà kọjá wọn. Cetshwayo ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọdá odò wọ Natal, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Dabulamanzi fẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú ògo, ó kọ etí ikún sí ọba, ó sọdá, ó kó wọn lọ sí Rorke's Drift, níbi tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bí 150 ti fi àpò àgbàdo àti àpótí bísíkíìtì mọ odi. Wọ́n jà di òru. Àwọn Zulu padà lẹ́yìn. Wọ́n fún 11 nínú àwọn tó wà lẹ́yìn odi ní àmì-ẹ̀yẹ Victoria Cross. Lẹ́yìn ìjà, wọ́n pa àwọn Zulu tó fara gbọgbẹ́ tí wọn ò lè sá. Èyí ò sí nínú fíìmù. Àwọn tirẹ gan-an ò ríbi sá sí: Henry Hook, ọmọ ogun tí kì í fi ọtí kan ẹnu, o sọ ọ́ di ọ̀mùtí.

Ọmọ ọba tó ṣàìgbọràn torí ògo, ọba tó fẹ́ kí ogun mọ níwọ̀n: bí ìyẹn ò bá tó fíìmù, kí ló tó o? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àpò àgbàdo ni kámẹ́rà dúró sí. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n fi èmi àti ìwọ jókòó sí. Ọmọ Ìbàdàn tó sanwó ìwọlé láti òde wá, ẹ̀yìn àpò àgbàdo ló bá ara rẹ̀. Zulu ń sáré bọ̀ wá bá a. Ó ń làágùn, ó ń gbàdúrà pé kí ọta ìbọn má tán. Nígbà tí ọmọ tó jọ ọ́ bá ṣubú síwájú odi, a pàtẹ́wọ́. Èébú ò ṣe ju èyí lọ. Èébú, èèyàn á gbọ́ ọ, á sì fapá jánú. Àga tí wọ́n gbé ọ jókòó sí, o ò ní mọ̀ títí iná sinimá á fi tàn.

Ákítọ̀, o ní lọ́yà kan tí mo fẹ́ kì kí n tó jókòó. Orúkọ rẹ̀ ni Ìgbà-yẹn-ni.

Ìgbà-yẹn-ni, agbẹjọ́rò tí kì í pàdánù!
Wọ́n bá jí ilẹ̀, o ní ìgbà yẹn ni.
Wọ́n bá purọ́, o ní ojú ò tí ì là.
Ojú ta ni ò tí ì là?
Ojú rẹ ni, àbí ojú tèmi?

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Robeson kọ Sandi sílẹ̀ ní gbangba, ó ní iṣẹ́ náà ò jẹ́ ohun tí òun rò pé òun ń ṣe. Marcus Garvey, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó fi ìwé ìròyìn rẹ̀, The Black Man, na Robeson lẹ́gba ọ̀rọ̀ torí irú ipa bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1938, nígbà tí The Drum tí Korda ṣe nípa Íńdíà dé Bombay, àwọn èèyàn jáde sígboro, wọ́n fẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi dá a dúró. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ òde òní. Owó sinimá ìgbà yẹn ni wọ́n san, ojú ìgbà yẹn ni wọ́n fi wò ó, ìgbà yẹn náà ni wọ́n bínú. Nítorí náà, ìbéèrè pé ṣé ó jọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà lónìí, èdè lọ́yà ni. Ó jọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó jọ lójú rẹ̀ ni wọn ò pè wá jẹ́rìí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀rí wà pé ìwọ náà mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ogun ló sọ ọ́ di ọkùnrin, kí ló dé tí ogun Àgìdìngbì ò sí lára àwọn tí o fi ń yangàn? Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lé Ọba Kosoko kúrò ní Èkó. Kosoko kì í ṣe ẹni mímọ́, òwò ẹrú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ogun. Ó gún òpó sínú ọ̀sà, ó to ìbọn ńlá sétí omi. Ìkọlù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nínú oṣù kọkànlá, ó lé wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkọ̀ Teazer fìdí sọlẹ̀ lábẹ́ ìbọn Èkó, ẹ̀jẹ̀ àwọn atukọ̀ ṣàn kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi iná jó ìlú, Kosoko gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ, wọ́n dá Akitoye padà sórí oyè, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà wọ́n gba Èkó pátápátá. Ìgboyà wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tá mọ ìbọn ńlá yìn, ìyẹn sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọ̀tá tó bá mọ ìbọn yìn ò wúlò fún ákítọ̀ tí kì í kú.

Àwọn kan ní kí á dáná sun fíìmù rẹ. Èmi kọ́. Ohùn Robeson wà nínú rẹ̀, ojú Orlando Martins wà nínú rẹ̀, òkè àti aṣálẹ̀ tí wọ́n yà sínú rẹ̀ dára. Bí wọ́n bá sun ún, Ìgbà-yẹn-ni á wá sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ fi í hàn, kí ẹ fi í hàn kó pé.

Ó tó báyìí. Mo ti kì ọ́, orí rẹ ti wú, onírárà ò sì í kọrin gbẹ. Owó mi dà?

Mo mọ̀ pé o máa ní àpò rẹ ṣófo, kó o fi ìṣẹ́jú méjì san án fún mi. Àwọn ìṣẹ́jú tó yẹ kó wà níbẹ̀rẹ̀ Zulu ni mo fẹ́, kí ìbọn kan tó dún. Kí ẹ ṣí i ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1878. Kí a rí àwọn ìránṣẹ́ Cetshwayo níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìwé Bartle Frere, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kà sí wọn létí: kí ọba yín tú ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ ká, ọgbọ̀n ọjọ́ la fún un. Kí ẹ kọ ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 1879 sí ojú sinimá, kí a rí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọdá odò wọ ilẹ̀ onílẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọdá wá bá a. Lẹ́yìn ìyẹn, Ákítọ̀, máa ṣe fíìmù rẹ lọ. Yìnbọn, kọrin, gba àmì-ẹ̀yẹ. Màá sanwó ìwọlé tèmi, màá jókòó, màá wò ó dópin, èmi fúnra mi ni màá yan ibi tí màá jókòó sí.